Ẹsẹ̀ Bàálù: Ohun Tó Wà Láàárín Táyà àti Ara Ọkọ̀

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níjòókòó. Ẹsẹ̀ bàálù la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, ìyẹn gbogbo ohun tó ń gbé bàálù dúró nígbà tó bá wà nílẹ̀: táyà, ọ̀pá, rọ́bà, sípíríǹgì, ọ́ìlì. Bí wọ́n bá ń pìtàn bí ọmọ aráyé ṣe kọ́ bí a ti ń fò, ìyẹ́ àti ẹ́ńjìnnì ni wọ́n máa ń tẹnu mọ́, wọn kì í sábà dé ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bàálù tó bá gbéra gbọ́dọ̀ balẹ̀, ibi tó ti ń balẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàálù àkọ́kọ́ ti ń fọ́.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ ká dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀. Wíwá táyà kò le. Ọdún 1888 ni John Boyd Dunlop ti gba ìwé àṣẹ lórí táyà aláfẹ́fẹ́ fún kẹ̀kẹ́, nígbà tó ṣì ku ọdún 15 kí ọkọ̀ àwọn Wright tó fò. Iṣẹ́ tó gba àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní ọgbọ̀n ọdún gbáko ni ohun tí wọ́n máa fi sáàárín táyà àti ara ọkọ̀: ohun tó máa gba agbára ìbalẹ̀ mọ́ra, tí kò ní wúwo jù, tí kò sì ní máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn lójú òfurufú. Bí wọ́n bá yanjú ọ̀kan, òmíràn á yọjú.

Igi, iyanrìn àti ojú-irin

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Kitty Hawk ní ìpínlẹ̀ North Carolina. Ọkọ̀ tí Wilbur àti Orville Wright fi fò ní ọjọ́ 17, oṣù Kejìlá, ọdún 1903 kò ní táyà rárá. Igi gígùn méjì tí wọ́n tẹ̀ sókè níwájú ló wà lábẹ́ rẹ̀, òun ló fi ń yọ̀ lórí ilẹ̀ bó bá balẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé pé iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí fi ń jẹun ní Dayton. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ̀ nípa táyà, àwọn ni. Iyanrìn ló kún Kitty Hawk. Táyà kẹ̀kẹ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́ á rì sínú iyanrìn, ọkọ̀ á sì dojú dé, àmọ́ igi gígùn á tẹ́ ìwúwo ọkọ̀ káàkiri. Ẹ̀wẹ̀, ẹ́ńjìnnì wọn kò ju agbára ẹṣin 12 lọ, ọkọ̀ náà sì wọn kìlógíráàmù 274 kí èèyàn tó dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀. Kò sí àyè fún ẹrù tí kò wúlò lókè.

Kí ó lè sáré kó tó gbéra, wọ́n tẹ́ ojú-irin kan ṣoṣo sílẹ̀. Pákó mẹ́rin ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 4.6, wọ́n tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn títí ó fi tó nǹkan bíi mítà 18, wọ́n wá fi irin pẹlẹbẹ bo orí wọn. Nǹkan bíi dọ́là 4 ni gbogbo rẹ̀ ná wọn. Ọkọ̀ jókòó lórí pákó kékeré kan tó ń yí lórí họ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ tí wọ́n tún ṣe. Bí ọkọ̀ bá ti gbéra, pákó yẹn á kù sílẹ̀. Ọ̀nà ọ̀hún ṣiṣẹ́ nítorí atẹ́gùn tó ń fẹ́ lọ́jọ́ náà: ó ju máìlì 20 lọ ní wákàtí kan, ó sì ń kọlu ọkọ̀ náà láti iwájú. Ọkọ̀ tí atẹ́gùn bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ lù nínàró kò nílò eré púpọ̀ mọ́ kí ìyẹ́ rẹ̀ tó gbé e.

Nígbà tí wọ́n padà sí Huffman Prairie lẹ́bàá Dayton ní 1904, ọ̀rọ̀ yí padà. Atẹ́gùn ibẹ̀ kò lágbára. Wọ́n fa ojú-irin náà gùn, kò tó. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n gbé igi gíga kan dúró tó tó mítà 6, wọ́n gbé ẹrù irin kọ́ sórí rẹ̀, ìwọ̀n ẹrù náà kọ́kọ́ tó kìlógíráàmù 360, wọ́n sì ń fi kún un lẹ́yìn náà. Wọ́n ta okùn láti ara ẹrù yìí gba orí kẹ̀kẹ́ okùn nísàlẹ̀, lọ sí iwájú ojú-irin, kó tún padà wá so mọ́ ọkọ̀. Bí wọ́n bá tú ẹrù sílẹ̀, á já bọ́, okùn á fa ọkọ̀ síwájú pẹ̀lú agbára. Ọgbọ́n tó péye ni, mo sì gbà pé àwọn tó ń fojú kéré rẹ̀ kò ro ti ẹ́ńjìnnì tó wà nígbà náà. Ṣùgbọ́n ó ní ìdè tirẹ̀: bí ọkọ̀ bá balẹ̀ sí pápá ẹlòmíràn, kò lè dá gbéra níbẹ̀. Àfi kí wọ́n gbé ojú-irin lọ bá a. Nígbà tí Wilbur lọ fò fún àwọn ará Faransé nítòsí Le Mans ní oṣù Kẹjọ ọdún 1908, igi gíga àti ojú-irin yìí ló ṣì ń lò. Ọdún 1910 ni wọ́n tó fi táyà sí ọkọ̀ wọn tí wọ́n pè ní Model B, wọn ò sì yọ igi ìyọ̀ náà kúrò.

Ní Faransé, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Traian Vuia, ọmọ Romania, fi táyà aláfẹ́fẹ́ mẹ́rin sábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ní ọjọ́ 18, oṣù Kẹta, ọdún 1906, ó gbéra, ó sì fò jìnnà tó nǹkan bíi mítà 12 ní Montesson. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, Alberto Santos-Dumont, ọmọ Brazil, gbéra ní pápá Bagatelle ní Paris lórí táyà ara rẹ̀, ó sì fò tó mítà 60. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kọkànlá, ó fò mítà 220. Kò lo ojú-irin, kò lo ẹrù tó ń já bọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo èèyàn rí i pé ọkọ̀ tó bá ní táyà lè lọ síbi tó wù ú.

Àmọ́ táyà kẹ̀kẹ́ ní àléébù kan tí kì í hàn lójú títì. Wáyà tín-ín-rín ló na láti họ́ọ̀bù àárín dé etí wíìlì, wáyà ọ̀tún àti tòsì sì sún mọ́ra gan-an níbi họ́ọ̀bù. Bí ẹrù bá bọ́ lé e láti òkè tààrà, ó lágbára ju bó ṣe rí lọ. Bí wọ́n bá tì í láti ẹ̀gbẹ́, á wọ́ bí ìgbà téèyàn tẹ páànù. Ọlọ́kadà àti oníkẹ̀kẹ́ kì í mọ̀ ọ́n lára nítorí pé wọ́n máa ń fi ara tẹ̀ bí wọ́n bá ń yípo. Bàálù kò lè tẹ̀ nílẹ̀. Bí atẹ́gùn bá ń ti ẹ̀gbẹ́ fẹ́, ó lè balẹ̀ nígbà tó ṣì ń sún lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo ìwúwo rẹ̀ á wá ti wíìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyẹn ni wọ́n ṣe sọ họ́ọ̀bù wíìlì bàálù di gbọọrọ, kí wáyà ọ̀tún àti tòsì lè jìnnà síra, kí wọ́n sì ya ẹsẹ̀ bí igi àgbékà àjà. Aṣọ tí wọ́n ta bo wáyà wọ̀nyẹn, tẹ́ ẹ máa ń rí nínú fọ́tò bàálù ogun àkọ́kọ́, kò fún wíìlì lágbára kankan. Ó kàn ń jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá lára rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ ni.

Ìṣirò kan

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀ ká tó tẹ̀ síwájú, torí òun ló ṣàlàyé gbogbo ohun tó kù. Ẹ mú bàálù ogun Sopwith Camel ti ọdún 1917. Bó bá rù kún, ó wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù 660. Ká ní ó ń sọ̀ kalẹ̀ ní mítà 2 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tó kan ilẹ̀. Agbára tó wà nínú sísọ̀ yẹn jẹ́ júùlù 1,320 (júùlù ni wọ́n fi ń wọn agbára, níútìn ni wọ́n fi ń wọn ipá), ohun kan sì gbọ́dọ̀ gba agbára náà. Bó bá jẹ́ pé táyà nìkan ló máa tẹ̀, tí kò sì lè tẹ̀ ju sẹ́ńtímítà 2 lọ, ipá tó máa dá ọkọ̀ dúró á jẹ́ níútìn 66,000 ní ìpíndọ́gba. Ìlọ́po mẹ́wàá ìwúwo ọkọ̀ nìyẹn. Igi tín-ín-rín àti wáyà tí wọ́n fi kọ́ ọ kò lè rù ú.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà lè gòkè ní sẹ́ńtímítà 10 dípò 2. Ipá ọ̀hún já wá sí 13,200, ìyẹn ìlọ́po méjì ìwúwo ọkọ̀. Ohun gbogbo ló wà nínú sẹ́ńtímítà 8 tó lé yẹn. Ẹ kíyè sí nǹkan kejì: bí ọkọ̀ bá sọ̀ ní mítà 4 dípò 2, agbára rẹ̀ kò ní di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló máa dà, ìyẹn 5,280. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá pa ẹ́ńjìnnì kó tó súnmọ́ ilẹ̀ tó kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe àṣìṣe ńlá lójú ara rẹ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ bàálù rí i bí ìlọ́po mẹ́rin.

Louis Blériot wà lára àwọn tó tètè mọ èyí. Ọkọ̀ rẹ̀, Blériot XI, tó fi kọjá òkun láti ẹ̀bá Calais dé Dover ní ọjọ́ 25, oṣù Keje, ọdún 1909, ní ẹsẹ̀ iwájú méjì tí ó tó èèyàn wò fínnífínní. Òpó irin oníhò kan dúró lóòró ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wíìlì wà lára apá kan tó sẹ́ wá sẹ́yìn. Ìsàlẹ̀ apá náà di ẹsẹ̀ òpó mú, òkè rẹ̀ sì so mọ́ òrùka kan tó lè yọ̀ lọ sókè sódò lára òpó. Rọ́bà líle ló fa òrùka yìí wálẹ̀. Bí wíìlì bá kanlẹ̀, apá á gòkè, á ti òrùka sókè, rọ́bà á nà. Bákan náà, gbogbo apá náà lè yí sọ́tùn-ún sósì yí òpó ká. Tí atẹ́gùn bá ń ti ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wíìlì á yí ara rẹ̀ sí ọ̀nà tí ọkọ̀ ń lọ, kò ní jẹ́ kí wọ́n ti òun lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀pá kan so àwọn wíìlì méjèèjì pọ̀ kí wọ́n lè jọ yí, rọ́bà mìíràn á sì dá wọn padà sọ́gangan. Síbẹ̀, nígbà tí Blériot dé Dover lẹ́yìn ìṣẹ́jú 36 àti ààbọ̀, atẹ́gùn ń ta á síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó pa ẹ́ńjìnnì ní nǹkan bíi mítà 20 sókè, ó já wálẹ̀ gììrì. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ bàjẹ́, abẹ̀bẹ̀ iwájú ṣẹ́, ara Blériot sì le. Lójú tiwa, ẹsẹ̀ náà ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn: ó fọ́ kí awakọ̀ má baà fọ́.

Okùn rọ́bà

Ohun tó wá gbòde nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́ rọrùn ju ti Blériot lọ, ó sì fúyẹ́. Ẹ wo abẹ́ bàálù ogun èyíkéyìí láàárín 1914 sí 1918, ẹ ó rí ọ̀pá méjì tó pàdé nísàlẹ̀ bíi lẹ́tà V ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, bóyá igi tàbí irin oníhò. Irin kan tó dábùú so wíìlì méjèèjì pọ̀, ó gba inú ihò gbọọrọ kan tó wà níbi tí V ti pàdé. Irin yìí kò di ohunkóhun mú nípa bóòtù. Okùn rọ́bà tí wọ́n wé mọ́ òun àti V ló dì í mú. Nígbà tí ọkọ̀ bá balẹ̀, V á máa lọ sísàlẹ̀, irin á máa gòkè nínú ihò, okùn á nà.

Okùn náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe rọ́bà kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ fọ́nrán rọ́bà tín-ín-rín ni wọ́n kó pọ̀, wọ́n á nà wọ́n, wọ́n á wá fi òwú hun yí wọn ká nígbà tí wọ́n ṣì nà. Nítorí náà, okùn tó dà bíi pé ó wà ní ìsinmi ti wà ní nínà nínú kó tó débẹ̀. Òwú tó bò ó ló ń sọ bó ṣe máa nà tó: bí òwú bá ti ta dan-in, kò lè nà mọ́, ipá á kàn pọ̀ sí i lójijì.

Ìwéwé rẹ̀ gba sùúrù, ó sì gba èèyàn méjì. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ sókè kí wíìlì méjèèjì kúrò nílẹ̀, kí irin lè dé ìsàlẹ̀ ihò rẹ̀. Wọ́n á ní kí ẹnì kan di ìpẹ̀kun okùn mú mọ́ V, kí ẹnì kejì máa fà á, kó máa gbé e gba orí irin, kó gbà á sábẹ́ V, ẹsẹ̀ okùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Ẹsẹ̀ okùn kò gbọ́dọ̀ gun orí ara wọn, torí èyí tó wà lábẹ́ á máa há, èyí tó wà lókè nìkan á sì máa ṣiṣẹ́. Fífà náà gbọ́dọ̀ dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Iye ìgbà tí wọ́n wé e lọ́tùn-ún ni wọ́n gbọ́dọ̀ wé e lósì. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi okùn tín-ín-rín tí wọ́n ti fi ìda pa di ìpẹ̀kun rẹ̀ pinpin, wọ́n á sọ ọkọ̀ kalẹ̀, wọ́n á wá lọ dúró níwájú rẹ̀ kí wọ́n wò ó. Bí ìyẹ́ kan bá rẹlẹ̀ ju èkejì, àfi kí wọ́n tú u. Ẹ̀gbẹ́ tó dẹ̀ á máa fa ọkọ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ nígbà tó bá ń sáré, ìyẹ́ ẹ̀gbẹ́ náà á sì lè họ ilẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dúró jẹ́ẹ́ tí irin sì ti gòkè dé ìdajì ihò, okùn ti rẹ̀. Àyè tó kù fún ìbalẹ̀ kò tó mọ́.

Petírólù àti ọ́ìlì tí wọ́n wà látinú ilẹ̀ máa ń sọ rọ́bà di ọ̀rá, oòrùn máa ń jẹ́ kó sán, òtútù máa ń jẹ́ kó le bí igi. Ibi tí okùn ti ń ha mọ́ etí V ni òwú ti máa ń já kọ́kọ́, fọ́nrán rọ́bà á sì yọ jáde níbẹ̀. Ẹni tó bá ti rí fọ́nrán kan lóde kò gbọ́dọ̀ gé e sọnù kó sì máa lọ; gbogbo okùn ni kó pààrọ̀. Àwọn tó ń kọ́ ọkọ̀ tún máa ń fi wáyà irin yí irin náà ká ní ìdẹra, tó jẹ́ pé bí rọ́bà bá já pátápátá, wáyà yìí ló máa mú un. Ilé iṣẹ́ Sopwith gé irin náà sí méjì láàárín lára àwọn ọkọ̀ bíi Camel, kí wíìlì kọ̀ọ̀kan lè máa gòkè lọ́tọ̀. Lábẹ́ Avro 504 tí wọ́n fi ń kọ́ni, wọ́n fi igi gígùn kan sáàárín wíìlì méjèèjì tó yọ síwájú, kí abẹ̀bẹ̀ má baà gúnlẹ̀ nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá dojú rẹ̀ dé.

Irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà ló gbé àwọn bàálù ológun Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta, DH.9A, tí Arthur Coningham kó láti Káírò dé Kánò ní ọdún 1925, tí wọ́n sì tún fi padà. Wọn ò bá títì ọlọ́dà kankan níbẹ̀.

Ìrù, ìwúwo àti ọ̀rọ̀ ọ́ìlì

Èmi ò ní lè fi ọ̀rọ̀ ìrù sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ bàálù ìgbà náà fi ìdí jókòó: wíìlì méjì níwájú, igi kékeré kan lábẹ́ ìrù, irin sì wà lẹ́nu igi náà. Igi yìí ni bíréèkì wọn. Ó ń tu koríko bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, ìyẹn ló ń dín eré kù, ó sì ń mú ìdí ọkọ̀ tọ́. Ọkọ̀ tó jókòó báyìí máa ń gbé imú sókè, abẹ̀bẹ̀ á sì jìnnà sílẹ̀, ohun tó dára ni lórí pápá tó ní kòtò àti gegele.

Ewu ibẹ̀ ni pé ibi tí ìwúwo bàálù dá lé wà lẹ́yìn wíìlì. Bí ọkọ̀ bá yà díẹ̀ lórí ilẹ̀, ìwúwo tó wà lẹ́yìn fẹ́ máa bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ tààrà, á wá ti ìdí ọkọ̀ síta, ọkọ̀ á túbọ̀ yà, títí á fi yí bírí, tí ìyẹ́ kan á họ ilẹ̀, tí ẹsẹ̀ á ṣẹ́. Bí wọ́n bá gbé wíìlì sẹ́yìn kí wọ́n lè dín èyí kù, ọkọ̀ á máa dojú dé. Àwọn tó ń ya àwòrán ọkọ̀ onírù bẹ́ẹ̀ máa ń fi ojú ìwúwo, ìyẹn ibi tí ìwúwo dá lé yẹn, sẹ́yìn wíìlì ní dígírì 16 sí 25, bí a bá wọ̀n ọ́n láti ibi tí wíìlì ti kan ilẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ tẹ́jú. Àárín ewu méjì ni nọ́ńbà náà wà.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da kọnkéré sí pápákọ̀ òfurufú, igi ìrù di ìṣòro. Kò rí koríko tu, kò lè dín eré kù, irin ẹnu rẹ̀ ń jẹ tán, ó sì ń ba kọnkéré jẹ́. Ó wá di dandan kí wọ́n fi wíìlì kékeré síbẹ̀, kí wọ́n sì fi bíréèkì sí wíìlì iwájú, bíréèkì ọ̀tún lọ́tọ̀, tòsì lọ́tọ̀, kí awakọ̀ lè fi wọ́n darí ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí rọ́bà. Àìsàn tó ní tí kò sí oògùn fún ni pé kì í pa agbára, ó kàn ń fi í pamọ́ ni. Júùlù 1,320 tó gbà nígbà ìbalẹ̀, ó máa dá èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ padà, ọkọ̀ á tún ta sókè, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Níbi títa yẹn, eré ti dín kù, ìyẹ́ kò ní agbára mọ́, ìsọ̀kalẹ̀ kejì sì lè le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọ̀nà àbáyọ ti wà nínú ìbọn ńlá kó tó dé ara bàálù. Ìbọn tó bá yìn máa ń tàdí mẹ́yìn; àwọn tó ń ṣe é ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ́ìlì tí wọ́n fún gba ihò tóóró pa agbára yẹn. Ilé iṣẹ́ Vickers ní Ìlú Ọba gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ fún ẹsẹ̀ bàálù ní 1915, ilé iṣẹ́ Breguet ní Faransé sì fi í sára ọkọ̀. Páìpù kan wọ inú páìpù kejì. Ọ́ìlì wà nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún mọ́ra wà lókè rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ń wọlé, ọ́ìlì gbọ́dọ̀ gba ihò kékeré kan kọjá. Bó bá ṣe yára tó ló ṣe máa takú tó, agbára ìbalẹ̀ á sì di ooru nínú ọ́ìlì, kò ní padà wá. Afẹ́fẹ́ ló ń rọra ti ẹsẹ̀ jáde lẹ́yìn náà. Ìyàtọ̀ mìíràn wà níbi ìrìn ẹsẹ̀: sípíríǹgì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ipá rẹ̀ ń pọ̀ sí i títí dópin, nítorí náà ìdajì ohun tó lè ṣe ló ń ṣe. Ọ́ìlì ń ta ko ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí eré ṣì pọ̀, ó sì lè lo ìrìn kan náà ju ìdá 80 nínú 100 lọ.

Bí wọ́n bá fẹ́ dán an wò, wọ́n á di ẹrù mọ́ ẹsẹ̀ náà, wọ́n á gbé e sókè, wọ́n á jù ú sílẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ìsọ̀kalẹ̀ mítà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, sẹ́ńtímítà 20 ni wọ́n á gbé e sókè. Fún mítà 3, á tó 46. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni sílì, ìyẹn ohun tó dí ẹnu páìpù kí ọ́ìlì má baà jò: eruku á lẹ̀ mọ́ páìpù inú, á ha sílì, ọ́ìlì á máa jò. Ẹsẹ̀ tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti jáde máa ń rẹlẹ̀, ojú á rí i. Èyí tí ọ́ìlì rẹ̀ dín kù tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ṣì wà ló burú jù, torí ó lè dúró gírígírí nílẹ̀, kó sì jẹ́ pé ní ìbalẹ̀ ló máa tó wọlé gbàgà.

Gbígbé ẹsẹ̀ wọlé

Bí wọ́n ṣe yanjú ọ̀rọ̀ ìbalẹ̀, ọ̀rọ̀ atẹ́gùn dé. Ẹsẹ̀ tó wà níta máa ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tó bá wà lókè, ipá yẹn sì ń di ìlọ́po mẹ́rin bí eré bá di ìlọ́po méjì. Harry Hawker àti Mackenzie-Grieve kúkú ju ẹsẹ̀ ọkọ̀ wọn nù lẹ́yìn tí wọ́n gbéra ní Newfoundland ní oṣù Karùn-ún 1919, nígbà tí wọ́n fẹ́ kọjá Àtìláńtíìkì; omi ni wọ́n balẹ̀ sí, ọkọ̀ ojú omi kan sì gbà wọ́n là. Charles Nungesser àti François Coli ṣe bákan náà ní Paris ní ọjọ́ 8, oṣù Karùn-ún, 1927, a ò sì rí wọn mọ́. Charles Lindbergh, tó gbéra ní New York lọ sí Paris ní ọjọ́ 20 oṣù kan náà pẹ̀lú ọkọ̀ tó ju kìlógíráàmù 2,300 lọ, kò ju tirẹ̀ nù. Orí rọ́bà ló ti sáré nínú ẹrẹ̀ Roosevelt Field, orí rẹ̀ náà ló balẹ̀ sí ní Le Bourget.

Nígbà tí NACA, àjọ tó ń ṣèwádìí nípa bàálù ní Amẹ́ríkà, kọ́ ihò atẹ́gùn ńlá sí Langley ní 1927, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ atẹ́gùn lu ọkọ̀ láti dán an wò, tí wọ́n sì lè gbé ọkọ̀ gidi sínú rẹ̀, wọ́n rí i pé ẹsẹ̀ nìkan lè kó tó ìdá 40 nínú 100 lára ohun tó ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Àwọn kan dá a lóhùn nípa fífi irin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bo ẹsẹ̀, bí ilé iṣẹ́ Northrop ṣe ṣe fún ọkọ̀ Alpha. Ó fúyẹ́, kò sì ní ohun tó lè kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ bí kò ṣe ẹrẹ̀ tó ń di sínú rẹ̀. Fún ọkọ̀ tí kì í sáré púpọ̀, ìdáhùn tó mọ́gbọ́n dání nìyẹn, mo sì rò pé wọ́n yára pa á tì jù.

Àwọn yòókù gbé ẹsẹ̀ wọlé. Glenn Curtiss ti lè gbé wíìlì sókè lára ọkọ̀ rẹ̀ ní oṣù Kejì 1911, ṣùgbọ́n torí kó lè balẹ̀ lórí omi ni. Ọkọ̀ eré ìje Dayton-Wright RB gbé tirẹ̀ sínú ikùn ní 1920. Verville-Sperry R-3 gbé tirẹ̀ sínú ìyẹ́ ní 1922, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ Pulitzer ní 1924. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i, ọwọ́ náà ni wọ́n sì fi ń yí i fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Polikarpov I-16 ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà, tó kọ́kọ́ fò ní ìparí 1933, ń béèrè pé kí awakọ̀ yí ọwọ́ ẹ̀rọ náà nígbà 44. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń yí i, òsì ló fi ń darí ọkọ̀, nígbà tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílẹ̀ tó sì nílò ìdarí jù lọ. Bó bá ṣe ń yí i, bẹ́ẹ̀ ni imú ọkọ̀ ń lọ sókè sódò.

Ìjàǹbá tuntun tó bá èyí wá ni ìgbàgbé. Wọ́n wá fi fèrè kan sí i tó máa dún bí awakọ̀ bá dín agbára ẹ́ńjìnnì kù tí ẹsẹ̀ kò sì tíì jáde. Lára àwọn ọkọ̀ bíi DC-3 tó kọ́kọ́ fò ní 1935, ìdajì wíìlì ṣì yọ síta lábẹ́ ẹ́ńjìnnì nígbà tó bá ti wọlé, èyí sì lè gba ọkọ̀ là bó bá fi ikùn balẹ̀. Titiipa tún ṣe pàtàkì: ẹsẹ̀ tó jáde tí kò tì á ká bí wíìlì bá ti kan ilẹ̀. Abájọ tí ọkọ̀ Spitfire àkọ́kọ́, ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹta, 1936, fi fò fún ìgbà àkọ́kọ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí wọ́n tì pa síta.

Ní ìparí ọdún 1930 sí 1939, wíìlì imú padà dé. Curtiss ti lo wíìlì mẹ́ta, ọ̀kan níwájú, láti 1908, kó tó di pé ìrù gba ipò náà. Àwọn ọkọ̀ ńlá bíi DC-4E ti 1938 gbé e padà nítorí bíréèkì tó lágbára: ọkọ̀ tó ní wíìlì lábẹ́ imú kò lè dojú dé bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì. Ojú ìwúwo wà níwájú wíìlì ńlá méjèèjì, nítorí náà bí ọkọ̀ bá yà, ìwúwo rẹ̀ náà ló ń fà á padà sójú ọ̀nà. Ohun tó kù láti tọ́jú ni gbígbọ̀n wíìlì imú, tó máa ń ju ara rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bí eré bá ga, débi pé ó lè já ẹsẹ̀ náà kúrò. Sìlíńdà ọ́ìlì kékeré kan tó ní ihò tóóró ni wọ́n fi ń dá a lẹ́kun, bí èyí tó wà nínú ẹsẹ̀ ńlá, àmọ́ ó dùbúlẹ̀ ní ìbú. Bí wíìlì imú bá ń gbọ̀n, sìlíńdà yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ wo bóòtù tó ti jẹ, kí ẹ wá wọn afẹ́fẹ́ táyà.